Kúrò lójú wọn, ara ni kó o wò

Àbúrò tó ń béèrè pé kí ló dé tí gbogbo èèyàn tóun bá ya àwòrán wọn fi máa ń jọra, tí ìwà wọn kì í hàn, tó tún fẹ́ mọ irú bírò tóun máa rà, mo ti rí ọ̀rọ̀ ẹ. Òṣogbo níbí lèmi náà ti bẹ̀rẹ̀, ohun tójú mi rí ni mo fẹ́ sọ o, kì í ṣe ohun tí mo kà.

Ojú lò ń lé, ìyẹn ló fà á. Fi ojú sílẹ̀ ná. Wo bí onítọ̀hún ṣe gbé ara ẹ̀, ẹsẹ̀ wo ló gbára lé, èjìká wo ló ga ju ìkejì lọ, ṣé ọrùn ń nà síwájú ni àbí ó ń fà sẹ́yìn. Fa ìlà kan ṣoṣo láti orí dé ẹsẹ̀ kó o tó ya nǹkan míì, kéèyàn ti lè mọ̀ látinú ìlà yẹn bóyá ẹni náà ń wá ìjà ni àbí ó ti rẹ̀ ẹ́. Èjìká ni kó o fi fà á, kì í ṣe ìka. Má pa á rẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn o kàn máa gbé aṣọ àti ojú lé e ni, kò le.

Ibi tó le, ibi témi ti jẹ palaba ìyà, ọwọ́ àwọn tó ń pe ara wọn ní ọ̀gá ni. Níléèwé tí mo lọ, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, tíṣà wa gbà pé téèyàn bá dúró, gíga ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po orí ẹ̀ lọ́nà méje àbọ̀, rúlà ló fi ń wọ̀n ọ́n. Mo wá ya ìyá kan tó ń ta àgbo lọ́jà Igbọ́nà. Ìyá yẹn jókòó sórí àpótí, ó yasẹ̀, ó ti ìró bọ àárín itan, gèlè ti yẹ̀ lọ sétí kan, ó di kọ́ọ̀bù mú lọ́wọ́ òsì, ó na ọwọ́ ọ̀tún sí onígbèsè tó fẹ́ yọ́ kọjá. Bírò ni mo fi yà á kíákíá, ìlà gun ìlà, ọwọ́ tó nà yẹn tóbi ju orí ẹ̀ lọ torí ọwọ́ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Gbogbo ilé wa ló mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, wọ́n tiẹ̀ ń sín ohùn ẹ̀ jẹ. Tíṣà mú bírò pupa, ó ní ọwọ́ ti tóbi jù, kí n lọ fi pẹ́ńsù tún un yà kí n sì fi òwú ra á kó dán. Mo tún un yà títí, lálẹ́, iná ò sí, mo fẹnu di tọ́ọ̀ṣì mú, kílínà lu pépà, mo mú òmíì, mo wọn orí, mo wọn apá, mo ra á, ojú mi wú, nígbà tó máa fi parí ó ti dán bí àwòrán òkú tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara bọ́ọ̀sì ìsìnkú, màmá mi wò ó, wọ́n ní ta nìyí. Máàkì tó fún mi náà ò tó nǹkan kan. Mo gbé ti àkọ́kọ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń gba àwòrán fún ìpàtẹ, ọ̀gá ibẹ̀ ò tiẹ̀ gbé orí sókè dáadáa, ó ní kò tíì parí, kí n lọ gba fọ́ọ̀mù, kí n gba lẹ́tà, kí n san owó férémù. Ohun tí wọ́n wá gbé kọ́ nígbà tó yá, àwòrán àwọn olóṣèlú tí wọ́n dà kọ látinú fótò! Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí.

Òṣogbo kan náà yìí o, níbi tí Dúró Ládipọ̀ onítíátà àti Ulli Beier, òyìnbó ará Jámánì, ti dá Mbari Mbayo, ilé iṣẹ́ ọnà àti eré orí ìtàgé, sílẹ̀ ní 1962, tí Georgina Beier ti ṣe wọ́ọ̀kìṣọ́ọ̀pù àwòrán ní 1964. Àwọn ayàwòrán ńlá tó jáde níbẹ̀, inú ẹgbẹ́ òṣèré Dúró Ládipọ̀ ni wọ́n ti wá. Oníjó ni Twins Seven-Seven. Iná orí ìtàgé ni Jimoh Buraimoh ń bójú tó. Òṣèré ni Muraina Oyelami. Lójú tèmi, ìtàgé yẹn ló là wọ́n lójú, torí ìrìn ọba yàtọ̀ sí ìrìn ọ̀mùtí kó tó di pé a rí ojú ẹnikẹ́ni. Tún lọ wo ère àwọn baba wa, orí nìkan máa ń tó bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ara, tíṣà mi ì bá fún gbogbo àwọn agbẹ́gilére yẹn ní òdo.

Nǹkan míì, má kàn lọ gúnlẹ̀ síwájú èèyàn lọ́jà kó o máa yà á o. Wọ́n á ní owó orí lo wá gbà, àbí o fẹ́ fi àwòrán wọn ṣe nǹkan. Kí wọn, ra nǹkan díẹ̀ lọ́wọ́ wọn, kó o tó yọ ìwé. Nínú kọròpè, tí ẹni tó jókòó níwájú bá wọ yúnífọ́ọ̀mù, gbé bírò ẹ pamọ́. Lóṣù Kẹjọ tí ọdún Ọ̀ṣun bá dé, má lọ dínà Arugbá torí o fẹ́ yàwòrán, àwọn tó ń ṣọ́ ọ ò ní bẹ̀ ẹ́. Èrò tó ń na ọrùn láti rí i gan-an ló dùn ún yà, kálukú ló ní bó ṣe ń nà án. Kó o sì di fóònù ẹ mú.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé, ìlà náà níwà. Ọ̀lẹ, jẹ́ kí ìlà ẹ̀ gùn kó sì wọ́lẹ̀. Oníjà, fi ìlà kéékèèké gún un, tẹ bírò mọ́lẹ̀. Ohun tó bá kọ́kọ́ fa ojú ẹ mọ́ra lára ẹni náà, ikùn ni o, àgbọ̀n ni o, fìlà tó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ni o, sọ ọ́ di ńlá, kó o sì dín ìyókù kù.

Bírò? Èyí tó bá wà lápò ẹ, jàre. Pépà ni kó o wá, lọ bá àwọn tó ń tẹ̀wé ní Ọláìyá, kí wọ́n fún ẹ ní èyí tí wọ́n tẹ̀ bàjẹ́, ẹ̀yìn ẹ̀ ṣì mọ́.