Ṣé ẹrẹ̀ abẹ́ igbó máńgíróòfù tí a tún gbìn lè tọ́jú kábọ́ọ̀nù, èròjà tí igi ń fà láti inú afẹ́fẹ́, bíi ti igbó àtijọ́?
Ó lè ṣe é, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ kì í yára bí igi. Inú ilẹ̀ ni igi etí òkun yìí ń kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú kábọ́ọ̀nù rẹ̀ sí, kì í ṣe ara igi. Omi máa ń kún inú ẹrẹ̀ náà tó bẹ́ẹ̀ tí ọ́síjìn kì í fi í ráyè wọ ibẹ̀, nítorí náà ewé àti gbòǹgbò tí ó ti kú kì í tètè jẹrà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn gbòǹgbò tí ó ta sókè ń dá ẹrẹ̀ tí odò àti ìgbì gbé wá dúró, tí ó sì ń bo ti àtẹ̀yìnwá mọ́lẹ̀.

Wo Can Gio, ní ẹ̀bá ìlú Ho Chi Minh ní Vietnam, níbi tí oògùn apagi tí àwọn ológun Amẹ́ríkà fọ́n nígbà ogun ti run igbó náà, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún un gbìn ní ọdún 1978. Igi ibẹ̀ ti ga, àmọ́ ẹni tí ó bá ń ṣírò kábọ́ọ̀nù ilẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra: apá kan lè jẹ́ ti igbó àtijọ́ tí kò tíì jẹrà tán, odò sì ń gbé òmíràn wá láti òkè. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń ki ọ̀pá oníhò bọ ẹrẹ̀, kí wọ́n lè yẹ ìpele kọ̀ọ̀kan wò. Bí wọ́n bá gbẹ́ ilẹ̀ náà fún adágún edé, afẹ́fẹ́ yóò wọlé, kábọ́ọ̀nù yóò sì padà sójú ọ̀run.