Kúbùsù àránpọ̀ fún ọmọ-ọmọ: ẹnu ọmọ àti omi ìfọṣọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rò

Ẹ kú ojú lọ́nà o, Màmá. Ohun tẹ́ ẹ béèrè ni bẹ́ ẹ ṣe lè fọwọ́ ara yín rán kúbùsù àránpọ̀, ìyẹn èyí tá a fi ègé aṣọ kéékèèké rán pọ̀, fún ọmọ-ọmọ yín àkọ́kọ́ tó ń bọ̀ ní oṣù mẹ́rin sí i. Ẹ ní ẹ mọ máṣíìnì lò, àmọ́ ẹ ò rán irú ẹ̀ rí, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ lè fi bọ́tìnnì ṣe ojú ẹranko tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe sí i lára. Oṣù mẹ́rin tó dáadáa, kódà bó jẹ́ wákàtí kan péré lẹ máa ń rí lójúmọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbàgbé bọ́tìnnì.

Ẹnu lọmọ máa kọ́kọ́ fi mọ kúbùsù yẹn. Á mu igun rẹ̀, á da itọ́ sí i, á pọ ọmú sí i, wọ́n á sì máa fọ̀ ọ́ léraléra. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò, ẹnu ọmọ àti omi ìfọṣọ ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n. Bọ́tìnnì máa ń já, ìlẹ̀kẹ̀ náà ń já, ọmọ sì lè gbé e mì tàbí kó há a lọ́fun. Ríbọ́nù tẹ́ ẹ ká bí òrùka àti wajawaja lè wé mọ́ ìka ọwọ́ tàbí ti ẹsẹ̀, kí ìka náà ti wú kẹ́nikẹ́ni tó mọ̀. Òwú ọnà ni kẹ́ ẹ fi ṣe ojú ẹranko yẹn.

Ẹ tún jẹ́ kí ìyá ọmọ mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kúbùsù yìí kì í ṣe ohun tọ́mọ tí ò tíì pé ọdún kan máa fi bora sùn. Àwọn dókítà ọmọdé, títí kan ẹgbẹ́ American Academy of Pediatrics, ń kìlọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ sí ìbora, ìrọ̀rí tàbí nǹkan rírọ̀ kankan níbi tọ́mọ ọwọ́ ń sùn sí, torí ó lè bo imú rẹ̀. Ilẹ̀ la ń tẹ́ ẹ sí. Orí ẹ̀ lọmọ á ti máa dojú bolẹ̀ ṣeré nígbà tó bá jí, tágbà sì ń wò ó. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé kó fẹ́lẹ́, kó má sì tóbi jù. Íǹṣì 36 ní ìbú àti 40½ ní òró dára: ọmọ á rí ibi yí sí, kò sì ní wúwo jù fún ìyá rẹ̀ láti fọ̀.

Láti rí ìwọ̀n yẹn, ẹ máa nílò ègé onígun mẹ́rin 72, mẹ́jọ ní ìbú, mẹ́sàn-án ní òró. Íǹṣì 5 ni kẹ́ ẹ gé ègé kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá rán an tán, á ku íǹṣì 4½. Ẹ wá oríṣi aṣọ mẹ́fà, íǹṣì 12 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí aṣọ náà bá fẹ̀ tó íǹṣì 44. Tẹ́ ẹ bá ti fọ̀ ọ́ tó sì ti súnkì, ẹ gé etí líle tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ dànù, kẹ́ ẹ wá gé ọ̀já méjì tó fẹ̀ ní íǹṣì 5. Ọ̀já kọ̀ọ̀kan á fún yín ní ègé mẹ́jọ. Méjìlá lẹ nílò nínú oríṣi kan, ìyẹn ni pé mẹ́rin á ṣẹ́kù fún èyí tó bá bàjẹ́, ọ̀kan á sì bàjẹ́ ṣáá. Fún ẹ̀yìn kúbùsù, ẹ ra íǹṣì 48. Fún ìṣẹ́tí, ààbọ̀ yáàdì.

Aṣọ òwú pọ́ńbélé tí kò nípọn jù tí kò sì ń fà ni kẹ́ ẹ rà, kí gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ irú kan náà. Ẹni tó bá da aṣọ òwú pọ̀ mọ́ aṣọ ọ̀rá tó ń yọ̀ á rí i pé lẹ́yìn ìfọ̀ kejì, ọ̀kan ti súnkì, èkejì ò súnkì, gbogbo ojú rírán á sì hunjọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi fúlánẹ́ẹ̀lì ṣe ẹ̀yìn, kò burú rárá, ó rọ̀ dáadáa, àmọ́ ó máa ń súnkì ju aṣọ yòókù lọ, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó gé e.

Kí ẹ tó gé ohunkóhun, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ tí kò lóòórùn fọ gbogbo aṣọ náà, torí sítáàṣì àti àwọn kẹ́míkà tó wà lára aṣọ tuntun kò yẹ lẹ́nu ọmọ. Ẹ má fi èròjà tó ń mú aṣọ rọ̀ kankan sí i. Ẹ ya èyí tó pọ́n àti èyí tó dúdú bí aró sọ́tọ̀. Ẹ rẹ àkísà funfun sómi, ẹ tẹ́ ẹ lé aṣọ náà, kẹ́ ẹ gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Bí àkísà náà bá gba àwọ̀, ẹ tún aṣọ náà fọ̀. Tó bá ṣì ń yọ aró lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ fi rán nǹkan míì. Mo mọ̀ pé ó máa dùn yín, pàápàá tó bá jẹ́ òun lẹ fẹ́ràn jù, àmọ́ á ba ègé funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́ lọ́jọ́ kan.

Tó bá jẹ́ páálí lẹ fẹ́ fi ṣe àwòṣe fún gígé, ẹ gé bíi márùn-ún sílẹ̀. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti fi pẹ́ńsù yí i ká nígbà ogún, igun rẹ̀ á ti jẹ, ègé tẹ́ ẹ gé gbẹ̀yìn á sì yàtọ̀ sí tàkọ́kọ́. Rọ́bà pẹlẹbẹ tó le sàn jù ú lọ. Kí ẹ̀gbẹ́ àwòṣe bá fọ́nrán aṣọ mu gẹ́lẹ́. Aṣọ tá a gé ní ìdábùú-dábùú máa ń fà, kò sì ní padà sí ìwọ̀n rẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti ń dára tàbí tó ti ń bàjẹ́ ni kọ́tà íǹṣì (¼). Ìyẹn ni àyè tó máa wà láti etí aṣọ dé ojú rírán, kò sì gbọ́dọ̀ yẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé etí ẹsẹ̀ máṣíìnì jìnnà sí abẹ́rẹ́ ní kọ́tà íǹṣì gẹ́lẹ́. Nígbà míì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ti rúlà sábẹ́ ẹsẹ̀ máṣíìnì, ẹ fọwọ́ yí táyà máṣíìnì títí ṣóńṣó abẹ́rẹ́ á fi rọra kan ojú ìlà kọ́tà íǹṣì, kẹ́ ẹ wá lẹ tépù mọ́ ara máṣíìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rúlà náà. Ẹ lẹ̀ ẹ́ léra bíi ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún kó lè ga díẹ̀ bí ògiri, kí etí aṣọ máa fara tì í bó ṣe ń kọjá. Ẹ wá rán ègé méjì pọ̀, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ wọ̀n ọ́n. Íǹṣì 9½ ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Bó bá jẹ́ 9⅜, ojú rírán kan ti jẹ ìdá mẹ́jọ íǹṣì tí kò yẹ kó jẹ, ojú rírán méje ló sì wà nínú ọ̀wọ́ kan, ìyẹn ègé mẹ́jọ tẹ́ ẹ rán tò lọ ní ìbú, gbogbo ẹ̀ á jẹ́ ⅞ íǹṣì. Tí ọ̀wọ́ gbogbo bá kéré bákan náà, kúbùsù á kàn kéré ni. Àmọ́ tí ọ̀kan bá kéré tí èkejì ò kéré, igun ègé ò ní pàdé, kò sì sí áyọ́ọ̀nù tó lè tún un ṣe. Ẹ tú u, ẹ tún un rán.

Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 80 ni kẹ́ ẹ lò fún apá yìí, òwú ìránṣọ tó jẹ́ kọ́tìn, kí gígùn ìrán wà láàárín mìlímítà 2 sí 2½. Tẹ́ ẹ bá ń lo áyọ́ọ̀nù, ẹ gbé e lé e, ẹ gbé e kúrò. Ẹ má wọ́ ọ lọ wọ́ ọ bọ̀, torí ìyẹn ló ń fa ègé gùn. Ẹ lọ ojú rírán ọ̀wọ́ kìíní, ìkẹta, ìkarùn-ún sápá ọ̀tún, kẹ́ ẹ lọ ti ìkejì, ìkẹrin sápá òsì. Tẹ́ ẹ bá gbé ọ̀wọ́ méjì lé ara wọn, òkè tó wà níbi ojú rírán ọ̀kan á kì bọ inú ẹ̀gbẹ́ tèkejì. Ẹ fi ìka àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò: tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ pé ó ga díẹ̀ lójú kan, kò tíì wọlé. Tó bá ti wọlé, á tẹ́jú lọ́wọ́ yín. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti gún pínnì mọ́ ọn.

Tí iṣẹ́ ọnà bá máa wà, ìsinsìnyí ni, kẹ́ ẹ tó to ìpele pọ̀, kí ẹ̀yìn ọnà lè pa mọ́ sáàárín, kó má sì máa yún ọmọ. Òwú ọnà máa ń ní fọ́nrán mẹ́fà. Méjì tàbí mẹ́ta ni kẹ́ ẹ yọ lò. Ẹ má jẹ́ kí ìrán kan gùn ju kọ́tà íǹṣì lọ, torí èékánná ọmọ á kọ́ ọ. Ẹ sì ṣọ́ra fún gègé tẹ́ ẹ fi ń ya ìlà. Èyí tí omi ń fọ̀ kúrò, tẹ́ ẹ bá fi áyọ́ọ̀nù lé e kẹ́ ẹ tó fọ̀ ọ́, ó lè má lọ mọ́ láéláé. Èyí tí ooru ń pa rẹ́ tún lè padà wá tí aṣọ bá bọ́ sínú òtútù.

Ìpele mẹ́ta ló kù báyìí: aṣọ ẹ̀yìn, òwú pẹlẹbẹ tó máa wà láàárín, àti iwájú tẹ́ ẹ rán. Òwú àárín tó jẹ́ kọ́tìn dára fún ọmọ. Ó máa ń súnkì díẹ̀, bíi ìdá mẹ́ta sí márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ló ń jẹ́ kí kúbùsù ní ìhunjọ rírọ̀ tá a fẹ́ràn. Pọlíẹ́sítà kì í súnkì, ó sì yára gbẹ, àmọ́ ó máa ń wú. Lára ọ̀rá tí wọ́n fi dì í, wọ́n á kọ bí ìlà ìrán tó máa so ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ṣe lè jìnnà síra tó. Ẹ má kọjá ẹ̀. Bí wọ́n bá kọ íǹṣì 4 tẹ́ ẹ wá fi 8 sílẹ̀, òwú náà á ṣù jọ sígun kan lẹ́yìn ìfọ̀ mélòó kan.

Ẹ tẹ́ aṣọ ẹ̀yìn sórí ilẹ̀ líle, ojú rẹ̀ sísàlẹ̀, ẹ fi tépù lẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kó tẹ́jú, àmọ́ kó má na. Tẹ́ ẹ bá nà án, ó máa fà padà nígbà tẹ́ ẹ bá tú tépù, ẹ̀yìn á sì hunjọ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ pàápàá. Ẹ gbé òwú lé e, ẹ gbé iwájú lé e. Kí ẹ̀yìn àti òwú fi nǹkan bí íǹṣì 3 yọ ju iwájú lọ níbi gbogbo. Ẹ wá fi pínnì tó ń padé so wọ́n pọ̀, bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan ni kí ọ̀kan jìnnà sí èkejì. Á tó bíi 90. Ẹ kà á, ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá yọ wọ́n tán, ẹ tún un kà. Bí iye méjèèjì ò bá dọ́gba, kúbùsù yẹn ò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́dọ̀ yín títí ẹ máa fi rí èyí tó kù. Ẹ fi máginẹ́ẹ̀tì wọ́ ọ lójú, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ibi gbogbo. Ohun kan náà ni kẹ́ ẹ ṣe fún abẹ́rẹ́ tó bá ṣẹ́ nídìí iṣẹ́: ẹ wá ègé méjèèjì.

Ìlà tí mo máa dábàá fún ẹni tó ń rán an fúngbà àkọ́kọ́ ni èyí tó gba igun dé igun inú ègé kọ̀ọ̀kan, ní ọ̀nà méjèèjì. Ìlà ò ní jìn síra ju nǹkan bí íǹṣì 3 lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín, kẹ́ ẹ máa bọ̀ sí etí, kí ìhunjọ lè máa sá lọ síta. Abẹ́rẹ́ 90, gígùn ìrán mìlímítà 3. Ẹsẹ̀ máṣíìnì kan wà tó ń fa aṣọ òkè bí eyín ìsàlẹ̀ ṣe ń fa ti ìsàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ rà á, torí ẹsẹ̀ lásán máa ń ti ìpele òkè síwájú. Tó bá jẹ́ ọwọ́ lẹ fẹ́ fi rán an, abẹ́rẹ́ kúkúrú ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ ta kókó kékeré, ẹ gún un wọlé ní íǹṣì kan sí ibi tẹ́ ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ rọra fà á títí kókó á fi dún “pọ́” wọ inú, táá sì dúró sínú òwú àárín. Ìrán márùn-ún sí mẹ́fà nínú íǹṣì kan dára, ẹ ṣáà jẹ́ kí wọ́n dọ́gba.

Ẹ gé etí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó dọ́gba. Fún ìṣẹ́tí, ẹ gé ọ̀já márùn-ún tó fẹ̀ ní íǹṣì 2½, ẹ rán wọn pọ̀ ní ìdábùú láti igun dé igun kí oríkèé má bàa ga lójú kan, ẹ ṣẹ́ ẹ sí méjì ní gígùn, ẹ lọ̀ ọ́. Ẹ rán an mọ́ etí iwájú pẹ̀lú kọ́tà íǹṣì. Tó bá ku kọ́tà íǹṣì kẹ́ ẹ dé igun, ẹ dúró, ẹ rán an padà díẹ̀, ẹ gé òwú. Ẹ ṣẹ́ ọ̀já náà sókè kó dábùú, ẹ wá ṣẹ́ ẹ wálẹ̀ kó bá etí tó kàn mu, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ẹni tó bá rán an dé etí gan-an kì í rí igun tó mú. Ẹ yí i sẹ́yìn, ẹ sì fi máṣíìnì parí ẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ọwọ́ ló lẹ́wà, òótọ́ sì ni, àmọ́ igun lọmọ máa ń mu, ìrán máṣíìnì ló sì máa ń pẹ́ níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ aṣọ híhun lẹ fẹ́ fi kún un, ẹ jẹ́ kí ojú rẹ̀ dí débi tí ìka ọmọ ò ní lè wọ ihò rẹ̀, ẹ má lo òwú onírun tó ń já wọlé ẹnu, kẹ́ ẹ sì hun ìdí òwú kọ̀ọ̀kan wọlé tó íǹṣì 2, lọ síwá, bọ̀ sẹ́yìn.

Ẹ fọ kúbùsù náà kẹ́ ẹ tó gbé e fún wọn. Omi tútù, ọṣẹ díẹ̀. Bó bá ti parí, ẹ gbé e jáde lójú ẹsẹ̀, torí tó bá wà ní ṣíṣù nínú omi ni àwọ̀ máa ń ti ara kan bọ́ sí ìkejì. Tẹ́ ẹ bá rí i pé àwọ̀ ti ràn, ẹ má jẹ́ kó gbẹ, ẹ má sì fi áyọ́ọ̀nù kàn án. Ẹ tún rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó pọ̀, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ omi náà títí á fi mọ́. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó gbẹ, ẹ má fà á kọ́ sórí okùn nígbà tó bá wúwo fómi. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e síwájú fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ kọjá lára rẹ̀, ẹ sì tọ ojú rírán kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìka. Ibi tó bá fẹ́ là, ẹ ó rí ìmọ́lẹ̀ tó yọ níbẹ̀. Ẹ rán an lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an, torí ìfọ̀ kan péré sí i ló kù kó di ihò.