Ẹni tó máa bá yín jiyàn ni kí ẹ sanwó fún

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹ fẹ́ dá iléeṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ ìlera sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ sì ní ẹnjiníà tó mọṣẹ́. Ẹ wá ń béèrè bóyá kò ní jẹ́ ìfowóṣòfò láti tún máa sanwó fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí yóò máa gbà yín nímọ̀ràn. Kì í ṣe ìfowóṣòfò, tó bá ṣáà ti jẹ́ ẹni tó máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù yín. Àwa ń ṣe iná tí wọ́n fi ń tọ́jú ọmọ tuntun tó ní ibà pọ́njú, ní Ṣágámù níbí, ohun tójú mi rí nídìí ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Iná àkọ́kọ́ tí ẹnjiníà wa ṣe mọ́lẹ̀ rekete, gbogbo wa ń pàtẹ́wọ́. Dókítà ọmọdé tó ń gbà wá nímọ̀ràn wò ó, kò yìn ín, kò bú u. Ó ní, "Mélòó ló ń dé ara ọmọ?" A ń wo ara wa lójú. Kì í kúkú ṣe bí iná ṣe ń tàn sójú ló ń sọ bílírúbìn, ìyẹn ohun tó ń mú ara ọmọ pọ́n, di èyí tí ara ọmọ lè dà nù. Ìmọ́lẹ̀ búlúù tí gígùn ìgbì rẹ̀ wà ní nǹkan bíi nanometer 460 sí 490 ló ń ṣiṣẹ́ yẹn jù. Bí ọ̀rọ̀ ọmọ bá sì le, ó kéré tán, agbára ìmọ́lẹ̀ náà gbọ́dọ̀ tó microwatt 30 lórí sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó, fún nanometer kọ̀ọ̀kan. Mítà tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ ló ń sọ ìyẹn, ojú ò lè sọ ọ́. Nígbà tí mítà dé, àárín ibùsùn dáa, ṣùgbọ́n níbi tí ẹsẹ̀ ọmọ máa wà, ó ti já wálẹ̀. Dókítà tún ní ká wọ̀n ọ́n nígbà tí NEPA bá gbé iná tí kò lágbára wá. Ẹnjiníà wa bínú díẹ̀, àmọ́ ó tún un tò.

Nọ́ọ̀sì kan tó ti pẹ́ ní wọ́ọ̀dù ọmọ tuntun ló wúlò fún wa jù, kí n sọ òótọ́. Òun ló sọ pé ẹ̀rù ooru máa ń ba àwọn ìyá, wọ́n á sì ti iná náà sókè, bó bá sì ti ń jìnnà sí ọmọ ni agbára rẹ̀ ń dín kù. Bí a ṣe fi ìdènà sára ọ̀pá rẹ̀ nìyẹn, kò ṣeé tì kọjá ibi tó yẹ. Ó tún ní ká fi iná funfun kan sí i, torí lábẹ́ búlúù, nọ́ọ̀sì ò lè mọ̀ bí àwọ̀ ọmọ bá ń yí padà nítorí àìrí atẹ́gùn tó. Ẹ má fojú kéré wọn o. Ní 1956, ní ọsibítù Rochford ní England, nọ́ọ̀sì kan, Sister Jean Ward, tó máa ń gbé àwọn ọmọ lọ sínú oòrùn, ló kíyè sí i pé ibi tí oòrùn dé lára ọmọ kan kò pọ́n mọ́. Ibẹ̀ ni ìtọ́jú yìí ti bẹ̀rẹ̀; 1958 ni àwọn dókítà ibẹ̀ kọ ọ́ jáde.

A tún ní ọ̀jọ̀gbọ́n kan, orúkọ ńlá, orí ìwé iléeṣẹ́ wa ni orúkọ náà wà. Ó ń gbowó, ó ń kọ "ó dáa" sí gbogbo ohun tí a bá fi ránṣẹ́. Nígbà tó tó àkókò láti kó ìwé jọ fún NAFDAC, "ó dáa" ò wúlò fún nǹkan kan. Ohun tí a nílò ni àkọsílẹ̀ ewu tó lè ṣẹlẹ̀, bí a ṣe dènà ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti èsì ìdánwò. Àwọn ìbéèrè dókítà àti nọ́ọ̀sì yẹn la fi kọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ẹ máa sanwó fún wọn ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá wá, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú pé ti ta ni ohun tí wọ́n bá ronú kàn. Ẹni tó bá ní ìpín nínú iléeṣẹ́ yín, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ òun ló máa dán ẹ̀rọ náà wò. Ẹ sì bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. OOUTH, ọsibítù ńlá ti Yunifásítì Olabisi Onabanjo, wà ní Ṣágámù, ọsibítù ti Yunifásítì Babcock wà ní Ìlíṣàn, kò sí èyí tó jìnnà sí yín.