Ka èémí ọmọ náà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Nọ́ọ̀sì. Ọmọbìnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù 4. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbé ọ̀fìnkìn bọ̀ láti jẹ́lé-ó-sinmi. Ní ọjọ́ kẹta, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, imú rẹ̀ dí, kò sì mu ọyàn dáadáa mọ́. Oní-kẹ́míìsì ní kí n ra antibiotic, ìyá ọkọ mi ní kí n máa rọ ọ́ ní àgbo. Èwo ni kí n ṣe? (Ìyá Tọ́lá, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, inú mi dùn pé o gbé fóònù nígbà tí mo pè ọ́ lọ́jọ́ tí ìwé rẹ dé. Mo ń gbọ́ bí ọmọ náà ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn ohùn rẹ. O ká aṣọ rẹ̀ sókè, a jọ kà á: 56 ní ìṣẹ́jú kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o gbéra lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Nítorí àwọn ìyá yòókù ni mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ jẹ́ kí ọmọ dákẹ́ tàbí kó sùn, kí ẹ wá ka èémí rẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú kan; èémí ọmọdé kì í lọ déédéé, kíkà ìlàjì lè tàn yín. Tí kò bá tíì pé oṣù 2, 60 sókè léwu. Láti oṣù 2 sí 11, 50 sókè. Tó bá ti pé ọdún kan, 40 sókè. Bí abẹ́ ìhà bá ń jìn wọnú bó ṣe ń mí, ẹ má kà mọ́, ẹ máa lọ.

Fáírọ́ọ̀sì ló sábà máa ń fa irú èyí. Ọ̀kan wà tí à ń pè ní RSV, tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti máa ń kó kí wọ́n tó pé ọdún 2. Ọ̀fìnkìn lásán ni lára ẹ̀gbọ́n, àmọ́ ọ̀nà èémí ọmọ ọwọ́ tín-ín-rín, ikun díẹ̀ ti tó láti dí i. Antibiotic kì í pa fáírọ́ọ̀sì. Àgbo rírọ ló bà mí lẹ́rù jù: ọmọ tó ń sáré mí lè fa ohun tí a rọ fún un sínú ẹ̀dọ̀fóró. Bá mi kí ìyá, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ọmọ ló mú wọn sọ ọ́.

Nígbà tí ẹ bá padà délé, máa fún un lọ́yàn díẹ̀díẹ̀, lemọ́lemọ́. Má gbé e sídìí ààrò, èéfín kò dára fún un. Bí ẹ̀gbọ́n bá ti jẹ́lé-ó-sinmi dé, ọṣẹ àti omi ni kó kọ́kọ́ bá pàdé, kó tó fọwọ́ kan àbúrò rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ń wúkọ́, kódà kó jẹ́ èmi, kò gbọdọ̀ fẹnu ko ọmọ náà lẹ́nu.