Wáráǹtì fóònù mi ti parí, ìlà wá yọ lójú ẹ̀: ṣé mo ṣì lẹ́tọ̀ọ́ kankan?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, lọ́yà wa. Oṣù 14 rèé tí mo ra fóònù kan, tuntun ni, rìsíìtì ẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi. Kò já bọ́ lọ́wọ́ mi rí, omi ò kàn án. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló ṣe update tán, bí mo ṣe tàn án báyìí, ìlà aláwọ̀ ewé kan ti gba ojú ẹ̀ kọjá látòkè délẹ̀. Mo gbé e padà sọ́dọ̀ àwọn tó tà á fún mi, wọ́n ní wáráǹtì ọdún kan ti parí, kí n lọ bá ilé-iṣẹ́ tó ṣe é tàbí kí n sanwó ojú tuntun, owó tí wọ́n sì pè ń lọ sí ìdajì owó tí mo fi ra fóònù. Ṣé bó ṣe máa parí náà nìyẹn?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú o. Kò tíì parí, àmọ́ mi ò ní tàn yín pé ó máa rọrùn.

Wáráǹtì tí wọ́n ní ó ti parí yẹn, ìlérí tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe fóònù fúnra ẹ̀ ṣe ni, òun ló mú iye oṣù tó wù ú, òun ló sọ ohun tó máa tún ṣe àti èyí tí kò ní dá sí. Òmíì tún wà lọ́tọ̀ tó jẹ́ pé òfin ló gbé e lé ẹni tó tajà lórí, pé ọjà ẹ̀ gbọ́dọ̀ dáa, kó ṣiṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ rà á, kó sì tọ́jọ́ bó ṣe yẹ kí irú ẹ̀ tọ́jọ́. Ti àkọ́kọ́ lè parí lánàá kí ìkejì ṣì wà níbẹ̀ digbí. Ìdí nìyẹn tí inú fi máa ń bí mi tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ lọ bá ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, ṣé ilé-iṣẹ́ yẹn lẹ kówó fún ni?

Iye ìgbà tí òfin fi ń bá a lọ wá yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíì, ẹ ò sì sọ ibi tẹ́ ẹ ti rà á. Láwọn orílẹ̀-èdè European Union, ó kéré tán ọdún 2 ni, Spain sọ tiwọn di ọdún 3 láti 2022, Norway tí kò sí nínú ẹgbẹ́ yẹn ka fóònù mọ́ ọjà tí wọ́n ń fún ní ọdún 5, nítorí náà oṣù 14 ò tíì jẹ́ nǹkan kan lọ́dọ̀ wọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin Consumer Rights Act ti 2015 lẹ máa tọ́ka sí, ẹ sì lè gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù títí di ọdún 6 ní England, ọdún 5 ní Scotland, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kí fóònù lo ọdún 6 o, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣi ibẹ̀ gbọ́, àsìkò tẹ́ ẹ fi lè pẹjọ́ ni wọ́n ń sọ. Australia ò tiẹ̀ dárúkọ ọdún kankan, wọ́n á wo iye tẹ́ ẹ rà á àti irú ọjà tó jẹ́, fóònù olówó gọbọi gbọ́dọ̀ pẹ́ ju ti pọ́ọ́kú lọ. Nàìjíríà náà ní òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, FCCPA ti 2018, ó sọ ọ́ kedere pé ọjà gbọ́dọ̀ ṣeé lò kó sì tọ́jọ́ fún ìwọ̀n àsìkò tó bójú mu, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, lẹ máa kọ̀wé sí tí ẹni tó tajà bá ṣagídí. South Africa ló máa le díẹ̀, oṣù 6 ni tiwọn, àmọ́ tí wọ́n bá tún un ṣe fún yín níbẹ̀, iṣẹ́ àti ẹ̀yà tuntun tí wọ́n fi sí i tún ní ìdánilójú oṣù 3.

Ẹ̀rí ni wàhálà gan-an. Ta ló máa fi hàn pé àléébù yẹn ti wà nínú fóònù látọjọ́ tí wọ́n ti tà á, pé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́? Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tó tajà ni, ọdún kan ni wọ́n fún un ní European Union (France àti Spain fi kún un, ọdún 2 ni tiwọn), oṣù 6 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Tó bá ti kọjá ìyẹn, ẹ̀yin lẹ máa gbé e. Ní oṣù 14, ẹ múra sílẹ̀ bíi pé ọrùn yín ló wà.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe lónìí olónìí nìyí. Ẹ ya screenshot kan, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sórí fóònù ẹlòmíì. Tí ìlà yẹn ò bá hàn nínú ẹ̀, a jẹ́ pé ojú fóònù tàbí wáyà pẹlẹbẹ tó so ó mọ́ inú ló ní àìsàn, kì í ṣe sọ́fítíwíà. Ẹ wá fi kámẹ́rà fóònù mìíràn ya ojú náà, pẹ̀lú gbogbo etí ẹ̀ yí ká, kó hàn pé kò síbi tó ṣá tàbí tó tẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí update wọlé àti nọ́ńbà ẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ẹnjiníà fóònù tí kì í ṣe ti àwọn tó tà á fún yín, kó yẹ̀ ẹ́ wò kó sì kọ ohun tó rí sórí ìwé tó ní orúkọ ẹ̀: pé kò sí àpá ìṣubú, pé bébà funfun kékeré inú ihò síìmù tó máa ń pupa tómi bá kàn án ṣì funfun. Ẹ sọ fún un kó má tíì tú u o! Ní Amẹ́ríkà, òfin Magnuson-Moss ti 1975 ò jẹ́ kí wọ́n tìtorí pé ẹlòmíì tú u kí wọ́n fagi lé wáráǹtì, ìyẹn dáa, àmọ́ ọ̀rọ̀ tiyín ti kọjá wáráǹtì, ẹ̀rí là ń wá, fóònù tí wọ́n ti tú palẹ̀ sì rọrùn láti dá ẹ̀bi ẹ̀ pa dà sọ́rùn olówó ẹ̀.

Kẹ́ ẹ tún wo ojúlé íńtánẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, torí nígbà míì àwọn fúnra wọn máa ń gbà pé ẹ̀yà kan ní àléébù. Lọ́dún 2024, Samsung pààrọ̀ ojú àwọn fóònù Galaxy wọn kan lọ́fẹ̀ẹ́ ní India nítorí ìlà aláwọ̀ ewé yìí gan-an, wáráǹtì wọn sì ti parí. Táwọn èèyàn tó ń lo irú tiyín bá ń ráhùn ohun kan náà, ẹ kó o jọ, ó wúlò.

Tó bá jẹ́ bátìrì ni, ìdáhùn mi ì bá yàtọ̀, bátìrì máa ń gbó ni, kò sí kóòtù tó máa bínú sí ìyẹn. European Union ti ń gbìyànjú níbẹ̀ ṣá, fóònù tó bá wọ ọjà wọn láti June 20, 2025, bátìrì ẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣì ní agbára 80% lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba iná sí i nígbà 800.

Ó wá ku lẹ́tà. Íméèlì ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́, ẹ má gbà kí wọ́n fi ìpè dá yín lóhùn. Ọjọ́ tẹ́ ẹ rà á, ọjọ́ tí ìlà yọ, ohun tí ẹnjiníà kọ, òfin ibi tẹ́ ẹ ti rà á, ohun tẹ́ ẹ ń fẹ́, ẹ fún wọn ní ọjọ́ 14, ó tán. Ẹ béèrè kí wọ́n tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí gbogbo owó yín, ẹ ti lò ó oṣù 14, ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n ti máa yọ ìyẹn kúrò, ó sì ń jẹ́ kó dà bíi pé ẹ fẹ́ rẹ́ wọn jẹ. Tó bá jẹ́ kírẹ́díìtì káàdì lẹ fi rà á ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ kọ̀wé sí báńkì náà, òfin so wọ́n pọ̀ mọ́ ẹni tó tajà, àwọn méjèèjì ló jọ máa dáhùn fún un. Lọ́wọ́ ẹni kan lásán tó lò ó kù lẹ ti rà á? Ẹ̀tọ́ yín kéré jọjọ, àyàfi tó bá purọ́ fún yín.

Tí wọ́n bá kọ̀, ó di ọ̀dọ̀ àjọ tó ń gbèjà oníbàárà tàbí kóòtù ẹjọ́ kéékèèké, lọ́yà ò pọn dandan níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì rí i pé ẹ ò lè dúró, tẹ́ ẹ fẹ́ sanwó ojú tuntun báyìí, ẹ kọ lẹ́tà yẹn ná, kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n ní àǹfààní láti dáhùn, kẹ́ ẹ gba rìsíìtì àtúnṣe, kẹ́ ẹ sì gba ojú tó bàjẹ́ yẹn dání, torí owó tẹ́ ẹ ná yẹn náà lẹ máa béèrè lọ́wọ́ wọn.