Kí ló dé tí ìgbéyàwó Ọmọba Beatrice ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi gbòde tó bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ ráńpẹ́ ni wọ́n ṣe é?

Aṣọ ni, jù lọ. Kòrónà ti wọ́gi lé èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020. Lọ́jọ́ 17 oṣù Keje, wọ́n ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan ní Windsor, níwájú nǹkan bí èèyàn 20, láìsí tẹlifíṣọ̀n. Ó ti parí kí aráàlú tó gbọ́.

Nígbà tí fọ́tò jáde lọ́jọ́ kejì, aṣọ àtijọ́ Ọbabìnrin Elizabeth, ìyá bàbá rẹ̀, ni wọ́n bá lọ́rùn rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ aránṣọ tó ń jẹ́ Norman Hartnell, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi apá kún. Adé tí màmá náà dé lọ́jọ́ ìgbéyàwó tiẹ̀ ní 1947 ló sì dé. Ká ní aṣọ tuntun ló rà ni, ariwo náà ì bá má tó báyìí.