Ẹ̀rọ tó ń fún aláìsàn àtọ̀gbẹ ní ínsúlínì: ṣé kí a gbà á?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, mo kí yín. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 14, ní àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní, ìgbà 4 ló sì ń gún abẹ́rẹ́ ínsúlínì, oògùn tó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, lójúmọ́. Àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ ra ẹ̀rọ kan tí yóò máa fún un ní ínsúlínì fúnra rẹ̀, ó ní ọmọ náà kò tún ní í ronú nípa ṣúgà mọ́. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n iná tó ń ṣe ségesège níbí ń bà mí lẹ́rù. Ṣé kí a gbà á? (Ìyá ọmọ, Tàkíẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́)

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Òótọ́ ni pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà, ṣùgbọ́n àbúrò yín ti fi díẹ̀ kún agbára rẹ̀.

Ohun mẹ́ta ló para pọ̀ dì í. Òṣùwọ̀n kékeré kan wà tí a ń lẹ̀ mọ́ apá tàbí ikùn, tí ó máa ń wo ìwọ̀n ṣúgà ní bíi ìṣẹ́jú 5 síra. Pọ́ǹpù wà tí ó ń fi ínsúlínì sábẹ́ awọ díẹ̀díẹ̀. Ètò ìṣirò sì wà, nínú pọ́ǹpù tàbí nínú fóònù, tí ó ń ka ohun tí òṣùwọ̀n rí, tí ó sì ń pàṣẹ fún pọ́ǹpù pé kí ó fi kún un, kí ó dín in kù, tàbí kí ó dáwọ́ dúró. Òru ni àǹfààní rẹ̀ ti hàn jù, nígbà tí ìyá máa ń jí lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta láti wò ó bóyá ṣúgà ọmọ ti já wálẹ̀. Ọdún 2016 ni ìjọba Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fọwọ́ sí irú rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, NICE, àjọ tó ń sọ irú ìtọ́jú tí ilé ìwòsàn ìjọba yóò máa lò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dámọ̀ràn rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ àwọn tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní, bóyá ibẹ̀ ni àbúrò yín sì ti gbọ́ ìròyìn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò mọ̀ pé ọmọ fẹ́ jẹun. Ínsúlínì tí a fi sábẹ́ awọ kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, nítorí náà bí ó bá jókòó ti àmàlà láìsọ fún ẹ̀rọ, ṣúgà á ti gòkè kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lé e. Ó gbọ́dọ̀ tẹ ìwọ̀n oúnjẹ afáralókun (irú èyí tó ń di ṣúgà nínú ara) tó fẹ́ jẹ sí i kí ó tó bu òkèlè àkọ́kọ́. Ibí gan-an ló ti le fún wa, nítorí pé ní Lọ́ńdọ̀nù, ara páálí oúnjẹ ni wọ́n máa ń kọ ìwọ̀n yìí sí, kò sì sí ẹni tó ń kọ ọ́ sára ìkòkò àmàlà. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ ya abọ́ kan sọ́tọ̀ tí ẹ ó máa fi wọn tirẹ̀, kí ẹ sì bá onímọ̀ oúnjẹ ní ilé ìwòsàn ṣírò ohun tó wà nínú rẹ̀. Mángòrò pàápàá ní ìṣirò tirẹ̀, ẹ sì mọ bí ó ṣe máa ń pọ̀ tó ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tó bá so.

Ní ti iná, ẹ fọkàn balẹ̀: bátìrì ni àwọn kan ń lò, àwọn mìíràn sì ń gba iná bíi fóònù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ínsúlínì tó yára ju àwọn yòókù lọ, tó sì tètè ń tán lára, nìkan ló wà nínú pọ́ǹpù. Bí ojú ọ̀nà rẹ̀ bá dí, tàbí tí ó tú kúrò lára láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura, láàárín wákàtí díẹ̀ ni èébì, inú rírun àti mímí hẹlẹhẹlẹ lè bẹ̀rẹ̀, èyí sì lè pa ọmọ. Abẹ́rẹ́ àtijọ́ àti ẹ̀rọ tí ẹ fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kò gbọdọ̀ kúrò nílé.

Owó rẹ̀ náà kò parí sí ọjọ́ tí a rà á. Ohun tó ń gbé ínsúlínì wọ ara, ọjọ́ 2 sí 3 ni a ń pààrọ̀ rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé ó kéré tán 10 ni yóò lò lóṣù. Òṣùwọ̀n náà kì í sábà ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ. Ẹ bi àbúrò yín léèrè láìtijú pé ta ni yóò máa rà wọ́n ní ọdún tó ń bọ̀. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá mú iyèméjì dání, òṣùwọ̀n nìkan ni kí ó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, kí ẹ sì fi owó ìyókù ra ínsúlínì sílẹ̀ ní ibi tútù. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ rẹ̀ bá ká a, ẹ gbà á, kí ẹ sì gbé e lọ bá dókítà ọmọ náà kí ẹnikẹ́ni tó so ó mọ́ ọn lára, ìbáà ṣe ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni LAUTECH tàbí ti Bowen níbẹ̀, tàbí ní UCH Ìbàdàn, nítorí dókítà ni ó gbọ́dọ̀ pinnu ìwọ̀n ínsúlínì tí ẹ̀rọ yóò fi bẹ̀rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Oògùn oníhóró ni ọkọ mi ń lò sí àtọ̀gbẹ oríṣi kejì. Ṣé ẹ̀rọ yìí yóò wúlò fún un? (Ìyàwó, Akẹ́sán, Ọ̀yọ́)

ÌDÁHÙN: Rárá o, níwọ̀n ìgbà tí kò bá gún ínsúlínì. Kí ó máa lo oògùn rẹ̀ déédéé, kí ó sì lọ yẹ ojú rẹ̀ wò lọ́dọọdún. Ẹ̀yin náà, ẹ máa bá a wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lálaalẹ́, nítorí egbò lè wà níbẹ̀ tí kò ní í dùn ún rárá.